Àrokò Kì Í Ṣeré

Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ó wà ní gbogbo Ìjẹ̀bú-Igbó ní ọdún tí ìtàn yìí bẹ̀rẹ̀, aró sì ni àwọ̀ rẹ̀. Wọn kò ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ilẹ̀ òyìnbó o. Awọ pupa ni nígbà tí Akínbọ́lá gbé e ti Èkó dé. Ìfẹ́ ni ó pa á láró.

Ìparí ọdún 1891 ni. Ìbíkẹ́, ọmọ Gbénró, wà ní ẹ̀yìnkùlé ìyá rẹ̀ ní Òkè-Sopen ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Aláró ni ìyá rẹ̀, aláró ni ìyá ìyá rẹ̀, ọwọ́ Ìbíkẹ́ fúnra rẹ̀ sì ti dúdú dé ìgbúnwọ́ kí ó tó pé ọmọ ọdún méjìdínlógún. Ìkòkò tí wọ́n ti ń tọ́jú láti ọjọ́ méje ti pọ́n dáadáa. Bí ó ti ní kí òun ti aṣọ àkọ́kọ́ bọ̀ ọ́ báyìí, ohun kan fò kọjá orí ògiri, ó já sínú ìkòkò, gbì! Aró ta sí i lójú, ó ta sí i lẹ́nu, ó ta sí gbogbo aṣọ funfun tí ó kó sílẹ̀.

"Yéè! Ìye o! Wọ́n ti ju orí ènìyàn sínú aró wa!"

Ìyá rẹ̀ sáré jáde pẹ̀lú ọmọ odó lọ́wọ́. Orí kejì sì yọ lókè ògiri, ṣùgbọ́n èyí ní ojú, ó ní eyín funfun, ó sì ń mí hẹlẹ.

"Ẹ jọ̀wọ́, ìyá, ẹ má bínú. Bọ́ọ̀lù mi ni."

"Kí ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ń jẹun?"

"Rárá, ìyá. Afẹ́fẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ la fi ń gbá a."

"Bí ẹ bá gbá a tán ńkọ́?"

"A ó tún gbá a, ìyá."

Ìyá náà yíjú sí Ìbíkẹ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Wèrè ni. Ó sì tún rẹwà. Ọ̀rọ̀ yìí ò dáa."

Ọmọ Òkè-Sopen náà ni Akínbọ́lá, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni bàbá rẹ̀ mú un lọ sí Èkó, ó fi í sọ́dọ̀ àwọn oníhìnrere. Níbẹ̀ ni ó ti mọ ìwé, níbẹ̀ ni ó sì ti mọ bọ́ọ̀lù ní àgbàlá ilé ìwé. Ikú bàbá ni ó dá a padà wálé. Ìyá rẹ̀ ní tirẹ̀ ti padà sọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Ibiade, létí omi, níbi tí wọ́n ti ń pẹja. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, Akínbọ́lá á kó wọn jọ sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti wa iṣu kúrò. Ebè méjì tí wọn kò tíì tú ni ojú ilé tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí, ebè méjì ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kò sí ẹni tí ó lè gba bọ́ọ̀lù náà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Á ṣe bí ẹni tí ó ń lọ sápá ọ̀tún, òsì ni ẹ ó sì ti rí i.

Ìyá Ìbíkẹ́ ní ìyà ìkòkò tí ó bàjẹ́ ni pé kí ó máa já ewé èlú wá fún ọjọ́ méje. Akínbọ́lá já a fún ọjọ́ méje, ó tún já a fún méje sí i.

"Akínbọ́lá," ni ìyá wí, "ìyà rẹ ti parí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá."

"Mo mọ̀, ìyá. Ewé ni kò tíì tán nínú igbó."

Ìbíkẹ́ bojú wo inú ìkòkò kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín rẹ̀. Aró kò sì bá a pa á mọ́. Ojú rẹ̀ hàn gedegbe nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin ilé rere kò lè dúró lójú ọ̀nà kí ó máa bá ọkùnrin sọ ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Àìná ni alárinà wọn. Ọ̀rẹ́ Ìbíkẹ́ ni, ó ti wà nílé ọkọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó jíṣẹ́ Akínbọ́lá lẹ́ẹ̀kan, Ìbíkẹ́ ní òun ò fẹ́. Ó jíṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, Ìbíkẹ́ ní òun ò fẹ́ rárá. Nígbà tí Àìná padà dé ọ̀dọ̀ Akínbọ́lá, ó bá a tí ó ń di ẹrù.

"Níbo lò ń lọ?"

"Èkó. Ó ní òun ò fẹ́ mi."

"Ẹ̀ẹ̀melòó ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Àìná rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. "Ó ku ẹyọ kan, ìwọ ọmọ Èkó yìí! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ Ìjẹ̀bú ń kọ̀. Ọmọ tó bá jọ́hẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á ní ojú ọkọ ń pọ́n ọn. Tú ẹrù rẹ jàre."

"Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́."

"Áà, ó mà ṣe o. Ìgbà wo lẹ wá ń ṣeré?"

Nígbà tí Àìná lọ lẹ́ẹ̀kẹta, Ìbíkẹ́ fi ìka kọ nǹkan sórí erùpẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n rò ó." Àìná sì sáré padà bí ẹni tí wọ́n fún ní ẹbùn, nítorí gbogbo ọmọ Ìjẹ̀bú ni ó mọ̀ pé "Jẹ́ kí n rò ó" ni bẹ́ẹ̀ ni.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdé nídìí èlú, tí Àìná ń jókòó sí ọ̀nà jíjìn, tí ó ń húkọ́ bí wọ́n bá ti súnmọ́ra jù. Ní ọjọ́ kan Akínbọ́lá fi igi kọ orúkọ Ìbíkẹ́ sílẹ̀.

"Ìwọ nìyẹn."

"Èmi? Mo mà rí wọ́rọ́kọ́ o." Ìbíkẹ́ tú owó ẹyọ méjì jáde ní etí ìró rẹ̀, ó fi òwú aláró so wọ́n pọ̀. "Jẹ́ kí n fi ìwé tiwa hàn ọ́. Bí wọ́n bá kọjú síra wọn báyìí, ojú mi ń wá ojú rẹ ni. Kí o máa bọ̀. Bí wọ́n bá kẹ̀yìn síra wọn, mo ti kẹ̀yìn sí ọ. Má wá mọ́."

"Tí o bá fi èyí tó kẹ̀yìn síra ránṣẹ́ sí mi ńkọ́? Ṣé kí n dúró de ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni?"

Ìbíkẹ́ kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Rárá o. Ẹnu ló ń ṣeré, Akínbọ́lá. Àrokò kì í ṣeré. Ohun tí o bá rí nínú rẹ̀ ni kí o gbà."

Ó mi orí, ó sì tún un wí lábẹ́lẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tí ń há ẹ̀kọ́ sórí. "Àrokò kì í ṣeré."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn. Ìbíkẹ́ kò lè gbàgbé rẹ̀ títí di òní.

Gbénró, bàbá Ìbíkẹ́, ni olórí àwọn jagunjagun àdúgbò náà. Nígbà tí àbúrò bàbá Akínbọ́lá mú un wá tọrọ ọmọ, ọ̀rọ̀ òyìnbó Èkó tí ó ń fẹ́ fi ipá la ọ̀nà ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ti wà lẹ́nu tàgbà tèwe. Gbénró gbọ́ ohun tí wọ́n wí tán, ó yínmú.

"Ọmọ yín mọ ìwé, mo gbọ́. Ó mọ bọ́ọ̀lù, mo gbọ́. Ìbọn ńkọ́? Bí òyìnbó bá kógun dé, ṣé ẹsẹ̀ ni yóò fi gbá ọta padà fún wọn?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí Akínbọ́lá sọ̀rọ̀ níwájú àgbà, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo ti rí ìbọn wọn ní Èkó. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń yìn ín, ó ń ta bí àgbàdo inú ìkòkò gbígbóná, kì í sinmi. Bí ọ̀nà bá wà, ẹ má bá wọn jà."

Ẹ̀rín tán nínú ilé. Gbénró dìde.

"Ojo. Ẹ mú un lọ. N kò bí ọmọ fún ojo."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé odò kí Ìbíkẹ́ tó dé ibẹ̀. Nígbà tí oṣù karùn-ún ọdún 1892 dé, tí ìpè ogun ti Ìjẹ̀bú-Òde wá, tí àwọn ọkùnrin ń pọ́n àdá, àwọn obìnrin odò kò jẹ́ kí ó gbádùn.

"Ìbíkẹ́, ṣé ọkọ rẹ ti na ẹsẹ̀?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, ó ti mọ ọ̀nà Èkó. Yóò gbá ara rẹ̀ dé ibẹ̀ kí ọta tó dún!"

Ìbíkẹ́ gbé omi rẹ̀ láìwo ẹnikẹ́ni. Ìtìjú gbóná ní ọrùn rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó bi ara rẹ̀ léèrè, ní gbogbo ọ̀nà ilé: bí ó bá jẹ́ òótọ́ ńkọ́?

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni Àìná dé, ara rẹ̀ kò balẹ̀.

"Akínbọ́lá ní ní ìdájí ọ̀la, kí ẹ jọ lọ sí Ibiade, sọ́dọ̀ ìyá òun. Ó ní ẹ ó wà níbẹ̀ títí ogun á fi kọjá, ẹ ó sì padà wá bẹ bàbá rẹ. Ó ní òun ò fẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Kí o fi àrokò dá òun lóhùn."

Ìbíkẹ́ mú owó ẹyọ méjì. Ojú kojú ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ojú kojú ni. Ó ti fa òwú aláró yọ. Nígbà náà ni ẹ̀rín àwọn obìnrin odò tún dún ní etí rẹ̀. Sísá ni kí ó bá a sá, bí olè? Kí ó má tilẹ̀ wá dúró níwájú rẹ̀ kí ó bẹ̀ ẹ́? Ó yí ẹyọ kan padà. Ó so ó le.

"Ìbíkẹ́, kí lò ń so yẹn?"

"Jẹ́ kó rí i. Inú á bí i, á sáré wá síbí ní ìrọ̀lẹ́, á wá bẹ̀ mí lójú gbogbo ayé. Ìgbà náà ni n ó lọ."

"A kì í fi àrokò ṣe ẹ̀fẹ̀. Ìwọ náà lo kọ́ ọ."

"Ṣé ìwọ ló ń fẹ́ ni, àbí èmi?"

Àìná gba owó ẹyọ náà, ó lọ.

Ìbíkẹ́ wẹ̀, ó kun osùn, ó jókòó sí ìdí ìkòkò aró. Ó ti mọ ohun tí yóò wí. Lákọ̀ọ́kọ́ yóò ṣe bí ẹni tí kò rí i. Lẹ́yìn náà yóò ní, "Ta ni ó pè ọ́?" Oòrùn wọ̀. Kò gbọ́ ariwo bọ́ọ̀lù lórí ilẹ̀ iṣu. Ìbàdí rẹ̀ kú, osùn gbẹ lára rẹ̀, Akínbọ́lá kò wá.

Ariwo àwọn tí ń kọjá lọ sógun ni ó jí i ní ìdájí. Nígbà tí ó jáde, wọ́n ti rékọjá ìta, òjò sì ti ń pa ipa ẹsẹ̀ wọn rẹ́. Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbá bọ́ọ̀lù aláró mọ́ àyà.

"Akínbọ́lá wà láàrin wọn," ni ìyá wí. "Ó lọ bá bàbá rẹ, ó ní kí wọ́n fún òun ní ìbọn. Ó ní kí n bá òun tọ́jú èyí. Ìbíkẹ́, ṣé ẹ jà ni?"

Ìbíkẹ́ ti ń sáré. Ó sáré títí dé odò, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀, ó pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Òjò ni ó dá a lóhùn.

Ní ọjọ́ kẹfà lẹ́yìn ìjà Ìmàgbọn, níbi tí àwọn Ìjẹ̀bú ti kojú òyìnbó, àwọn méjì gbé Gbénró wọlé. Ọta ti wọ̀ ọ́ ní itan. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, ó gba omi mu, ojú rẹ̀ sì wà lára ògiri bí ó ti ń sọ̀rọ̀.

"A dúró létí odò Yemọjí. Bí ọmọ náà ti wí ni ìbọn náà rí. Bí àgbàdo. Mo ṣubú. Gbogbo àwọn tó ń pe ara wọn ní akọni ti lọ. Òun ló padà wá. Ó pọ̀n mí, ó ń sáré, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, ọta ò mọ ibi tó máa gbà. Ẹsẹ̀ tí mo fi ṣẹ̀sín ni, ẹ̀yin èèyàn mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó gbé mi sẹ́yìn igi ìrókò, ó padà lọ gbé ẹnì kejì. Ó lọ lẹ́ẹ̀kẹta. Kò dé mọ́."

Gbénró tún gba omi mu.

"Ọ̀rọ̀ kan tó bi mí lójú ọ̀nà kò yé mi. Ó ní, 'Bàbá, ṣé àrokò máa ń ṣeré?' Mo ní, 'Ta ló bi ọ́ ní irú ìyẹn? Àrokò kì í ṣeré.' Ó ní, 'Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe kọ́ mi.'"

Gbénró tú etí aṣọ rẹ̀. Owó ẹyọ méjì ni ó kó jáde, wọ́n kẹ̀yìn síra wọn.

"Ọrùn ọwọ́ òkú rẹ̀ ni mo ti tú u kí a tó sin ín. Ta ni ẹni burúkú tó fi èyí ránṣẹ́ sí ọmọ bẹ́ẹ̀?"

Ìyá Ìbíkẹ́ gba owó ẹyọ náà, ó wo òwú tí wọ́n fi so ó. Aláró mọ aró tirẹ̀. Ó wo òwú náà, ó wo ọmọ rẹ̀, ó sì fi àrokò náà lé e lọ́wọ́.

Ọdún márùn-ún kọjá. Òyìnbó ti la ọ̀nà. Ìbíkẹ́ ń pa aṣọ láró, ó ń kọ ọkọ, àwọn èèyàn sì ń sọ pé ó mọ ọ̀fọ̀ ṣe bí opó. Orúkọ yẹn ń gún un bí ẹ̀gún: opó ẹni tí òun kò fẹ́. Àìná ti bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, wọn kò sì tíì ríra láti ọjọ́ náà. Àfi ní ọdún 1897 tí ó wọlé wẹ́rẹ́, tí ó jókòó sí ìdí ìkòkò.

"Rùfáì ló rán mi," ni ó wí. Oníṣòwò aṣọ ni Rùfáì, mùsùlùmí ará Àgọ́-Ìwòyè, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí ó máa ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn. "Ó ní òun fẹ́ ọ."

"O tún ń ṣe alárinà?"

"Mo ti búra pé n kò ní í ṣe é mọ́." Àìná ń ro aró tí ẹnikẹ́ni kò ní kí ó rò. "Ọ̀nà jìn láti ibí dé ilé Akínbọ́lá lọ́jọ́ yẹn, Ìbíkẹ́. Mo lè jù ú sígbó. Mo lè yí ẹyọ kan padà. Mo dúró lábẹ́ igi, mo tilẹ̀ ti di òwú náà mú."

"Kí ló dé tí o kò tú u?"

"Nítorí pé o bú mi."

Àwọn méjèèjì sunkún, ṣùgbọ́n wọn kò gbára wọn mọ́ra. Nígbà tó pẹ́, Ìbíkẹ́ nu ojú rẹ̀. "Sọ gbogbo rẹ̀ fún Rùfáì. Bí ó bá ṣì fẹ́ mi, kó wá fẹnu ara rẹ̀ bi mí. Èmi náà ní ibì kan tí mo fẹ́ dé ná."

Kí Ìbíkẹ́ tó lọ, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. "Bàbá, ẹni burúkú tí ẹ bi wá léèrè nígbà náà, èmi ni."

Gbénró wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò tọ́ mọ́. "Ìyá rẹ ti sọ fún mi láti ọjọ́ kejì. N kò lè bá ọ wí. Èmi ni mo pè é ní ojo."

Ìbíkẹ́ rin ọ̀nà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Ibiade ní ọjọ́ kẹta. Ìyá Akínbọ́lá jókòó sábẹ́ òjìji, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Eyín kan náà, iwájú orí kan náà. Kíkúnlẹ̀ kò tó Ìbíkẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin. Ó gbé bọ́ọ̀lù aláró kalẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti jáde nínú rẹ̀, ó ti rún bí èso gbígbẹ. Ó kó owó ẹyọ lé e lórí. Ó sì sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ti odò pamọ́, kò fi ti osùn pamọ́.

Ìyá náà kò dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Ó ti ránṣẹ́ sí mi ṣáájú," ni ó wí nígbẹ̀yìn. "Ó ní òun ń mú ìyàwó bọ̀. Mo yan ẹja dè yín. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró létí omi."

"Ẹ dárí jì mí, ìyá."

"Rárá."

Ìbíkẹ́ fi iwájú orí kan ilẹ̀. Ó ti dìde, ó ti yíjú sí ọ̀nà omi, kí ó tó gbọ́ ohùn obìnrin náà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọmọ Ìjẹ̀bú ni ọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Wá tún béèrè ní ìwòyí ọdún tó ń bọ̀."

Nígbà tí ó padà délé, Rùfáì wà ní àgbàlá, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Àìná ti sọ fún mi," ni ó wí. "Ìbíkẹ́, ṣé o ó fẹ́ mi?"

"Hẹn."

Ó ya Rùfáì lẹ́nu. Ó ti múra láti béèrè lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá Ìbíkẹ́ tí ń yọjú lẹ́nu ilẹ̀kùn tilẹ̀ pòṣé pé ọmọ yìí dójú ti àwọn. Ìbíkẹ́ kò yí i padà. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò bi í ní ohun kan lẹ́ẹ̀mejì rí.

Ní ọdún 1898, ó lọ sí Ibiade pẹ̀lú oyún. Ó kúnlẹ̀, ó béèrè. "Rárá," ni ìyá náà wí, ṣùgbọ́n ó fún un lómi.

Ní ọdún 1899, ó lọ pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù náà wà lórí pẹpẹ inú ilé, owó ẹyọ méjì rọ̀ sí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n ṣì kẹ̀yìn síra wọn. Ẹnikẹ́ni kò tú wọn, wọn kò sì ní í tú. Èéfín ẹja yíyan kún inú ilé. Ìbíkẹ́ kúnlẹ̀ tọmọtọmọ.

"Ìyá, ẹ dárí jì mí."

Obìnrin náà wo ọmọ náà. Ó na ìka kan, ọmọ náà sì dì í mú, ó ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ta afẹ́fẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá Akínbọ́lá wò ó pẹ́. Ó yíjú sí omi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka ọwọ́ rẹ̀ kejì kọ nǹkan sórí erùpẹ̀.

"Jẹ́ kí n rò ó," ni ó wí.